Òṣómàáló ní Ilẹ̀ Họ́láńdì Nítorí Ihò Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ẹni tó bá pàdé mi láti ìgbà tí mo ti dé, ọ̀rọ̀ yìnyín ló ń bi mí. Mo rí yìnyín. Ó funfun, ó tutù, nígbà tó sì yọ́ tán, ẹrẹ̀ ló kù sílẹ̀ bíi tiwa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò dùn lẹ́nu, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á. Nítorí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kan tí wọ́n bà jẹ́ ní Òṣogbo ni mo ṣe rin ìrìn àjò tí mo rìn. Mo dé ibẹ̀, mo sì bá àwọn tó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó yanu, wọ́n jókòó sínú ilé tó móoru, wọ́n ń mu kọfí.

Lẹ́tà Ìyá Ràfíù

Ọmọ Iléṣà ni mí, Ìsọ̀kùn nilé wa, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kọ̀ǹpútà, mo sì máa ń tún ẹ̀rọ ṣe fún àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Ìgbọ̀nà, Ọ̀gá Tàjú ló ni ín. Nígbà náà, ní ìgbẹ̀yìn ìjọba ológun, àwọn tó ní tẹlifóònù kò pọ̀, lẹ́tà ìfìwéránṣẹ́ a sì máa pẹ́ lọ́nà tàbí kó sọnù pátápátá. Nítorí náà, nígbà tí ímeèlì dé, àwọn èèyàn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun á kọ lẹ́tà sí ẹ̀rọ Ọ̀gá Tàjú, ẹ̀rọ á tọ́jú rẹ̀, Múfútáù tó jẹ́ akọ̀wé ibẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ jáde, á fi sínú àpòòwé, á gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Bí ẹni náà kò bá mọ̀wé, Múfútáù náà ni yóò jókòó tì í tí yóò kà á fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Òṣogbo àtijọ́ mọ irú iṣẹ́ tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó ń ka lẹ́tà fúnni mọ àìsàn ẹni, ó mọ ìjà inú ẹbí ẹni, ó mọ ìyàwó tí ọmọ ẹni fẹ́ sílẹ̀ òkèèrè tí kò tíì sọ fún bàbá rẹ̀. Gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kú sí. Ọmọ àlùfáà ni Múfútáù, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ kì í sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé kí ni lẹ́tà aládùúgbò yín wí, á ní, "Wọ́n ní kí n kí gbogbo yín."

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé fún Ìyá Ràfíù, opó kan tó ń pa aró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ràfíù ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ti mú òun nítorí ìwé ìgbélùú, òun wà ní àhámọ́, ó sì fi Ọlọ́run bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi rí lọ́yà. Múfútáù rọra kà á fún un nínú yàrá. Ìyá náà sunkún tán, ó nu ojú rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún Alàájì Sàká pàápàá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Kí ọ̀sẹ̀ ó tó parí, àwọn èèyàn ti ń yà wá kí i pé ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn òbí ọmọbìnrin tí Ràfíù fẹ́ fi ṣaya dá ẹrù ìdána padà.

Ta ló sọ ọ́? Ìyá kò sọ. Lójú tiwa, ènìyàn méjì péré ló máa ń wà nídìí lẹ́tà, ẹni tó gbà á àti ẹni tó kà á fún un. Kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni pé ẹnì kẹta lè ti kà á nínú ẹ̀rọ níbi tó sùn sí. Ni gbogbo ọwọ́ bá nà sí Múfútáù. Ó fi Kùránì búra. Wọ́n ní olè náà ń búra. Ọ̀gá Tàjú dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó bi í ní ìbéèrè kan. Àwọn tó ti ń pè é ní ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí gba ìsọdá títì bí wọ́n bá rí i, bàbá rẹ̀ sì fi ààyè rẹ̀ ní sàfù iwájú nínú mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ nítorí ìtìjú.

Èmi ni mo ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú lẹ́tà yẹn jáde, ìkejì sì jẹ́ ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Mo sá lọ sọ fún Ọ̀gá Tàjú. Ó ní, "Ṣé Múfútáù ò ní kọ́kọ́rọ́ ni?" Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ta ètò ímeèlì náà fún wa, ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Wọ́n ní ètò àwọn ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Mo tún kọ, wọn kò fèsì. Nígbà tí wọ́n wá pè mí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú kan tí kò jìnnà sọ́dọ̀ wọn, ṣe ni mo dúpẹ́. Mo mọ ohun tí mo ń lọ ṣe lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ilé Tí Kò Ní Kọ́tìnnì

Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ nígbà tí mo dé, òjò tí kò ní àrá, tí kò ní ìfẹ́ láti dá. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni fèrèsé wọn. Ó tóbi, ó kọjú sí títì, kò sì sí kọ́tìnnì níbẹ̀. Ẹ ń kọjá lọ, ẹ ń rí bàbá kan tó ń jẹun, ẹ ń rí ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ẹ ń rí ológbò tó sùn sórí àga. Mo bi ìyá tí mo dé sílé rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pé ẹ̀rù kò bà wọ́n ni. Ó ní ẹni tí kò ṣe ibi kò ní ohun tí yóò bò. Ọ̀rọ̀ náà wù mí lọ́jọ́ yẹn.

Ìkíni ni wọn kò mọ̀. Èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì, á jókòó tì yín, á wo iwájú bí ẹni pé àpò gààrí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá tó bí tíṣà náà wá kí wa, arúgbó gbáà, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó dì mí lápá méjèèjì, ó ń pariwo kí wọ́n gbé omi wá. Ní ti oúnjẹ, búrẹ́dì ni láàárọ̀, búrẹ́dì ni lọ́sàn-án, mo sì fi ojú mi rí àgbàlagbà tó ń wọ́n midinmíìdìn sórí búrẹ́dì tó sì ń jẹ ẹ́ láìtijú. Lóru, mo máa ń gbọ́ ìró odó létí mi, ó sì jẹ́ pé ọkàn mi ni.

Kò sí ẹni tó bú mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí kí n tó bọ́ kóòtù: níbo ni mo ti wá, ìgbà wo ni mo máa padà? Ìkejì ni wọ́n máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ, obìnrin kan tẹ̀ lé mi láti igun dé igun, ó ń ká aṣọ tí kò tú. Mo ní kó má dààmú, ilé wa ni wọ́n ti ń ta aṣọ kí wọ́n tó bí i. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

Bísíkíìtì Kan

Mo dé ilé-iṣẹ́ náà láàárọ̀. Gíláàsì ni gbogbo ara ilé ọ̀hún. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bi mí bóyá ọ̀gá mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo ní mo kọ lẹ́tà. Ó ní lẹ́tà kì í ṣe àdéhùn, ó yẹ ìwé wò, ó ní àyè lè wà lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní n kò ní sí nílẹ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀, màá dúró. Ó gbé kọfí fún mi. Ó ṣí agolo bísíkíìtì, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi, mo mú ẹyọ kan, ó sì dé agolo náà pa, ó gbé e padà sórí pẹpẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń dé agolo lójú àlejò?

Ẹ mọ̀ pé òṣómàáló ni àwọn bàbá wa ní Iléṣà. Wọ́n á gbé aṣọ lọ ta láwìn ní ìlú onílùú, bí ọjọ́ bá pé tí oníbàárà sì ń sọ ìtàn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò ní bú u, wọn kò ní lọ. Bàbá mi àgbà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí n tó kúrò nílé, ìyá mi ti sọ fún mi, wọ́n ní, "Bọ̀sẹ̀, bí ọ́n bá ní kí o lọ ulé, mọ́ lọ. Lóṣòó síbẹ̀." Nígbà tí ọmọbìnrin náà wá ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kejì pé àwọn tó ní àdéhùn ni àga wà fún, mo dìde lórí àga wọn, mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ wò ó, ìlú wọn kò ní òfin fún ìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń fò mí dá. Ẹnì kan bi mí bóyá inú ń run mí. Ẹnì kan gbé àga mìíràn wá, mo dúpẹ́, n kò jókòó. Ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ dé, mo sún, ó kọjá, mo padà sáàyè mi. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ojú Múfútáù ni mò ń rí, bó ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ kírun kó má baà pàdé ẹnikẹ́ni. Níkẹyìn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó mú mi wọ yàrá kan.

Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fetí sílẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn mọ̀ pé ihò kan wà nínú ètò náà tí àjèjì lè gbà ka lẹ́tà. Kóòdù ọ̀fẹ́, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tí àwọn ẹlòmíràn kọ ni àwọn fi ṣe ètò náà. Àwọn tó kọ ọ́ ti rí ihò nínú rẹ̀, wọ́n sì ti dí i, ó ti pẹ́. Ó ní àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀ fún gbogbo oníbàárà àwọn tó wà nítòsí.

Mo ní, "Àwa ńkọ́?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ṣàròyé láti ọ̀dọ̀ yín."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ta ilẹ̀kùn fún wa, wọ́n mọ̀ pé àgádágodo rẹ̀ kò dára mọ́, wọ́n lọ pààrọ̀ ti àwọn aládùúgbò wọn, wọ́n fi tiwa sílẹ̀ nítorí pé a kò pariwo. Báwo la ṣe fẹ́ pariwo ohun tí wọn kò sọ fún wa? Nígbà tí mo sì kọ̀wé sí wọn ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í ṣe àròyé? Mo bi í bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó gbé tẹlifóònù, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn àgbà Òṣogbo pé ètò òun jò, màá túmọ̀ rẹ̀. Ó ní lọ́yà àwọn kò ní fara mọ́ ọn. Àwọn tó ń gbé inú ilé gíláàsì, tí wọ́n ní ẹni tí kò ṣe ibi kì í bo nǹkan! Mo dìde, n kò dágbére.

Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà sin mí jáde. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rọra sọ fún mi pé ọkùnrin tó ń tọ́jú kóòdù ọ̀fẹ́ náà ń gbé ìlú kejì, Ẹńdíríkì lorúkọ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ọbẹ̀ Ẹ̀wà

Àsìkò oúnjẹ ni mo dé ilé Ẹńdíríkì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ní ilẹ̀ yẹn, ẹni tó bá dé nígbà oúnjẹ, wọ́n lè ní kó padà wá lẹ́yìn oúnjẹ. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó wo tábìlì, mo rí i pé ó ń rò ó. Ó wá lọ mú àwo kejì. Ọbẹ̀ ẹ̀wà tútù ni, ó ki débi pé ṣíbí lè dá dúró nínú rẹ̀, òun ni oúnjẹ tó kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ ikùn mi láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ọlọ́run bù kún un.

Òun ló là á yé mi. Ó ní àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ́lé ṣe ń lọ gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ, tó wà ní ìta gbangba lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun kọ ló ń gba orúkọ ẹni tó fẹ́ wo lẹ́tà. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún orúkọ, bí ìgbà téèyàn gbé abọ́ kékeré kalẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá tẹ orúkọ tó gùn jàn-ànràn jan-anran, á kún àyè náà, á ṣàn kọjá, èyí tó bá sì ṣàn kọjá, ẹ̀rọ á gbà á bí àṣẹ ọ̀gá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù lè pe ẹ̀rọ Òṣogbo láti ibikíbi, kó jẹ́ kí abọ́ yẹn kún àkúnwọ́sílẹ̀, kó sì ka lẹ́tà gbogbo ìlú.

Ó ní kété tí àwọn rí i ni àwọn ti tún un ṣe, tí àwọn sì kéde fún gbogbo ayé. Inú ń bí òun náà. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ wá kó iṣẹ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tà á, wọn kò sì padà wá wò ó bóyá ó ti yí padà.

Mo ní, "Ibo lẹ kéde rẹ̀ sí?" Ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ẹ̀rọ wa kò lè ṣe ju kó gba lẹ́tà lọ. Ibi tí ẹ kọ ìkìlọ̀ sí, ẹsẹ̀ wa kò débẹ̀."

Ó fi ṣíbí yí ọbẹ̀ po. Ó ní òótọ́ ni, òun kò rò ó rí. Mo gbà pé kò rò ó, ṣùgbọ́n inú bí mi síbẹ̀, mo sì sọ fún un. Ó kọ́ mi bí ihò náà ṣe ń ṣí, ó fún mi ní dísíkì tó ní àtúnṣe rẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Láti Iléṣà

Nígbà tí mo dé, n kò kọ́kọ́ fi dísíkì náà ṣe ohunkóhun. Mo lọ bá Alàájì Sàká, àbúrò Ìyá Ràfíù, nítorí òun ló le jù mọ́ Múfútáù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Mo ní, "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni láyé kò mọ̀ sínú ẹ̀rọ Ọ̀gá Tàjú. Ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sápò yín, ká wá jọ lọ sí Iléṣà."

Ó rò pé orí mi ti yí ní òkè òkun, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó lé gbogbo wa síta, ó fi ìka kan tẹ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsọ̀kùn la lọ, ibẹ̀ ní kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù. Alàájì jókòó tì mí. Mo pe ẹ̀rọ Òṣogbo, mo tẹ orúkọ gígùn tí Ẹńdíríkì kọ́ mi, ẹ̀rọ náà kọsẹ̀, ó sì ṣí. Lẹ́tà Alàájì jáde sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà. Orúkọ kan ló wà níbẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nígbà tó wà ní kékeré, tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ rí.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ti tú gbogbo wa sí ìhòhò." Lẹ́yìn náà ló bi mí ẹni tó ka ti Ràfíù. Mo ní n kò mọ̀, a kò sì ní mọ̀ láéláé. A wọ ọkọ̀ padà sí Òṣogbo.

Ẹ gbọ́ ti Ọ̀gá Tàjú. Mo ní kó jẹ́ kí n fi àtúnṣe sí i, ó ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, èèyàn kì í fọwọ́ kàn án, tó bá bà jẹ́ ńkọ́? Alàájì Sàká ló dúró sẹ́nu ọ̀nà títí mo fi ṣe é tán. Mo gbé dísíkì náà kiri dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀sà-Òkè, ọ̀dọ̀ àwọn tó ra irú ètò kan náà. Wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi, wọ́n ní tiwọn kò jò. Ta ló sọ fún wọn pé kò jò? Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó tíì ṣàròyé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Alàájì Sàká kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ sílé bàbá Múfútáù, wọ́n tọrọ àforíjì, bàbá gbà á, wọ́n sì jọ ṣe àdúà. Ìyá Ràfíù dúró lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin lọ. Ó kúnlẹ̀, Múfútáù sáré gbé e dìde. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ àpòòwé kan tó ti ká kóróbójó.

"Múfútáù, ọmọ mi, ti Ràfíù dé. Ó ti wà lára mi látàná. N ò fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni kó o kà á fún mi."

Múfútáù gbà á. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un.

"Ẹ má bínú, ìyá. N ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n n ò ní mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo sọ fún un pé mo ti dí ihò náà, pé mo fọwọ́ sọ̀yà. Ó mi orí. Mo ní kí ìyá jẹ́ kí èmi kà á. Ìyá ní rárá. Ó ní bí Múfútáù kò bá kà á, a jẹ́ pé kò tíì dárí ji òun, bí kò bá sì tíì dárí ji òun, kí lẹ́tà náà fẹ́ sọ fún òun tí yóò jẹ́ ire? Ó so ó padà mọ́ etí ìró. Ó ń lọ sílé, kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti tú ọmọ òun sílẹ̀.